Àtẹ Kì í Ṣe Àká

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òwe náà wọ ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà lára débi pé, kí oníbàárà wọn tó pé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ti to kọ̀ǹpútà mẹ́fà jọ nítorí káàṣì nìkan, wọ́n á sì máa san owó gbogbo wọn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń fẹ́ igbó.

Káàṣì dà bí àtẹ ìyá alágbàdo. Àgbàdo gan-an wà nínú àká; ìwọ̀nba tí àwọn èèyàn ń rà jù ni ìyá ń kó sórí àtẹ, kó má baà máa sáré lọ sídìí àká ní gbogbo ìgbà. Bákan náà ni káàṣì ṣe ń gbé ìsọfúnni tí wọ́n ń bèèrè jù sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, níbi tí ọwọ́ ti ń yá tó o ju orí dísìkì lọ.

Ní ọdún 2003, Brad Fitzpatrick ṣe Memcached fún ìkànnì LiveJournal, láti dín ẹrù tó wà lọ́rùn àká ìsọfúnni ibẹ̀ kù. Káàṣì tí wọ́n ń pín sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀, Memcached kan kò mọ̀ pé òmíràn wà. Ètò tó ń bèèrè ìsọfúnni ló ń fi ìṣirò pinnu èyí tí yóò lọ bá nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó tan ẹyọ kan ṣoṣo kò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Àyè rẹ̀ nìkan ló mọ níwọ̀n. Bí wọn kò bá dá iye fún un, 64 mẹ́gábáìtì ni yóò fi ṣe ààlà fún ẹrù rẹ̀.

Redis, tí Salvatore Sanfilippo ará Ítálì gbé jáde ní 2009, yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 2015, nínú ẹ̀dà 3.0, ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lágbo tó dé. Agbo náà pín ìsọfúnni sí ìpín 16,384. Ó kéré tán, ó ń fẹ́ olórí mẹ́ta, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá sì ní igbákejì, wọ́n di mẹ́fà. Àṣẹ kan ṣoṣo tó bá kan ìsọfúnni méjì tí kò sí nínú ìpín kan náà kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo ẹyọ kan kò mọ ìyọnu yìí.

Ewu tirẹ̀ ni pé bí ẹyọ náà bá kú, gbogbo àtẹ dànù. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń lo Memcached, òfìfo ni nígbà tó bá padà jí. Gbogbo oníbàárà á wá rọ́ lọ sídìí àká lẹ́ẹ̀kan náà, àká tí kò lágbára sì lè wó. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ìwé ọjà oníbàárà sínú káàṣì, tí kò sí lákàá. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí kò ní igbákejì kò lè gbà á: èyí tó bá kú ti gbé ìpín tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó nìyí: bí àtẹ bá dànù lóru òní, ṣé ohun tó wà nínú àká tó láti tún un tò? Bí ó bá tó, tí àká sì lè gba èrò náà mọ́ra, ẹyọ kan tó. Bí kò bá tó, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́kù tí wọn kò tíì rà. Ẹrù ló wà níbi tí kò yẹ.