Ológbò Onílé Wa àti Àbúrò Wa Tí A Ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ológbò ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, nítorí pé ológbò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn ológbò. Ọrùn àwa gan-an ni ó wà.

Ní ìgbà òtútù ọdún 2023, àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé inú ilé kan ní ìlú Leeds. Ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti dàgbà ni ó ni ilé náà. Ìsàlẹ̀ ni ìyá ń gbé, àwa wà lókè, ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan náà àti pálọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń lò. Ìyá ní ológbò dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sooty. Àwa kì í pè é bẹ́ẹ̀. Músù ni a ń pè é, bí a ti ń pe irú rẹ̀ nílé. Àwa mẹ́ta ti lo ọdún kan níbẹ̀ kí ẹnì kẹrin wa tó dé. Ọmọbìnrin ni, òun ni ó kéré jù láàárín wa, ilé-ìwé gíga nílé ni ó ti ń bọ̀ tààrà. Àbúrò ni a ń pè é.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe sí Músù kí Àbúrò tó dé. Bí a bá ti rí i, a ó ké "Músù! Músù!" a ó sì sáré sí i. Ọ̀kan nínú wa a máa gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun, a sì máa fi ọwọ́ ra á ní ikùn. A ń ra ẹja inú agolo fún un pẹ̀lú. Músù a jẹ ẹja tán, a yọ́ bọ́ sábẹ́ àga. Nígbà tí a tún fi agídí fà á jáde lọ́jọ́ kan, ó fi èékánná ha ẹni tí ó fà á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Àbúrò dé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó da kúbùsù bora, ó gbé rọ́bà omi gbígbóná sórí itan, ó sì tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Músù jáde láti abẹ́ àga. Ó gba iwájú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó fò sórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jọ́ kẹta. Kò pẹ́ tí ológbò fi ń dúró de Àbúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láràárọ̀.

Àwàdà ni a kọ́kọ́ fi ṣe. Ọ̀kan nínú wa ní, "Àbúrò, àbí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ara yín láti ilé ni?" A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, a sọ ọ́ ní Ìyá Ológbò. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí ibi àpèjẹ ọdún Kérésì, tí ọmọ Yorùbá pé jọ, ni ọ̀kan nínú wa bá la ẹnu láàárín èrò, ó ní, "Ẹ bọ̀wọ̀ fún Àbúrò wa o. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ológbò dúdú yẹn jọ ń ṣe lóru." Ẹ̀yin náà mọ ẹgbẹ́ tí ó ń wí. Ilé pa, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó sì jáde sínú òtútù.

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹnìkan tí ó wà níbi àpèjẹ náà sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ará ilé rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ará ilé sọ fún aládùúgbò, ó sì dé etí ìyá Àbúrò. Lóru ọjọ́ kan ni a gbọ́ ohùn ìyá yẹn láti inú yàrá ọmọ rẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ń bi í pé ọwọ́ ta ni ó ti gba nǹkan jẹ. Ó ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ ìdánwò sì ni ọ̀sẹ̀ náà. Àbúrò gba ààwẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn, bí a bá wà ní ilé ìdáná, kì í wọlé. Kí a tó mọ̀, ó ti sọ fún onílé pé òun ń wá ibòmíràn.

Onílé pè wá jókòó, wọ́n béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí a lè sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ kó tó di pé wọ́n dìde ni pé, "Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé ọmọ yẹn kì í pe ológbò náà rárá?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí a sùn. A lọ sí ilé-ìkàwé, a wá ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa ológbò. Ohun tí a rí nìyí.

Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ológbò igbó kan ní Àríwá Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn Àárín ni baba ńlá gbogbo ológbò ilé. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sí àká, eku tẹ̀ lé ọkà, ológbò sì tẹ̀ lé eku. Ní erékùṣù Cyprus, a ti rí sàréè kan tí ó ti tó 9,500 ọdún, níbi tí a sin ènìyàn àti ológbò sí itòsí ara wọn. Ṣùgbọ́n baba ńlá ajá ń rìn lọ́wọ̀ọ́, baba ńlá ológbò ń dá ṣọdẹ ni. Ẹranko tí ń dá rìn kò ní olùrànlọ́wọ́ bí ó bá fara pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn, tí ó pariwo, tí ó sì sáré sí i, bí ọ̀tá ni ó ń rí lójú rẹ̀. Ariwo tiẹ̀ tún burú fún un, nítorí pé etí ológbò ń gbọ́ ìró tínrín tí ó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ní Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, Dennis Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ológbò àti ènìyàn nínú ilé wọn. Wọ́n rí i pé bí ológbò fúnra rẹ̀ bá ni ó kọ́kọ́ wá bá ènìyàn, àwọn méjèèjì máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn ju ìgbà tí ènìyàn bá ni ó kọ́kọ́ lọ bá ológbò. Ní Yunifásítì Sussex níhìn-ín, àwọn onímọ̀ fi hàn lọ́dún 2020 pé bí ènìyàn bá rọra ń di ojú, tí ó tún rọra ń là á, ológbò á súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ju bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí oorun ń kùn lórí ìwé máa ń ṣe ojú rẹ̀!

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù ni èyí tí a tẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Wọ́n kó bí ọgọ́fà ènìyàn jọ ní Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ológbò tí kò ní ilé, wọ́n sì wo bí olúkúlùkù ti ń fọwọ́ kàn án. Ológbò fẹ́ràn ìdí etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n. Kò fẹ́ ikùn, kò sì fẹ́ ìdí ìrù. Àwọn tí wọ́n ní àwọn mọ ológbò dáadáa gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ kan ibi tí kò fẹ́. A wo ojú ara wa, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀.

A tún kà á pé ara ológbò kì í rọ̀ ọ́ bí ooru kò bá tó ìwọ̀n 30 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà mọ bí pálọ̀ ilẹ̀ yìí ti ń tutù tó. Ta ni kò ní í sá lọ bá kúbùsù àti rọ́bà omi gbígbóná? Nípa ti ojú rẹ̀ tí ń tàn lóru, tí ó ń dẹ́rù bà wá ní kékeré, awọ kan ni ó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ lápá ẹ̀yìn tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a kan ilẹ̀kùn Àbúrò. A kò sọ ọ̀rọ̀ ìwé kankan. A ní, "Àbúrò, a ti ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lérò. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ológbò yẹn ń bà mí. Láti kékeré ni ẹ̀rù ológbò ti ń bà mí. Bí ó bá ti dé, mi ò kì í lè mira, mi ò sì kì í lè wò ó lójú. Ibi tí mo ti ń gbàdúrà pé kó lọ ni yóò ti sùn sórí itan mi."

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́. Ẹ̀rù tí ó ń ba ọmọ yìí ni Músù kà sí ọ̀wọ̀. Kò pè é, kò tẹjú mọ́ ọn, kò nawọ́ sí i, ó sì jẹ́ kí ó lọ nígbà tí ó bá fẹ́ lọ. Àwa tí a ń pariwo ìfẹ́ kò fún un láyè láti yàn wá. Ohun tí òye wa kò ká ni a sì sáré sọ di àjẹ́.

A pe ìyá Àbúrò lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni, àwa ni a pa á. A ti jẹ́wọ́ lójú ìyá, ó kù kí a jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, nítorí pé lójú ẹgbẹ́ ni a ti sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi kọ ìwé yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Kérésì náà, kí ó bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ó gbé ti àkọ́kọ́ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tí ológbò wà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ mójú kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ìka kan sílẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí àbúrò tuntun bá sì dé sáàárín yín láti ilé, tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àbúrò kò kó lọ mọ́. Ẹ̀rù Músù ṣì ń bà á díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń fi ìka kan yún un lábẹ́ àgbọ̀n. Ní ti àwa, a ti jáwọ́ nínú pípe Músù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa. Ẹni náà kò mira.

Ire o.