Ilé Wo Ló Ń Sinmi?

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò ní kí ọmọ ó gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ọmọ ó ṣeré. Ilé ló ń káàánú. Ẹ bá wa gbé eléyìí jáde fún wákàtí díẹ̀, kí ìkòkò, àwo àti àgbàlagbà inú ilé ó lè mí.

Èmi náà ń pe orúkọ yìí láìrò ó dénú, títí di ọdún tí àbúrò mi obìnrin fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Àbíjàn sí ìyá wa ní Èjìgbò. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò kò ní bi mí pé kí ló gbé wọn dé Àbíjàn. Bọ́ọ̀sì ń gbéra nílùú wa, ó ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, títí yóò fi já èrò sí Côte d'Ivoire. Àwọn ìyá wa ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, Faransé sì ń dá ṣáká lẹ́nu ẹlòmíì nílé wa tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Ìdí nìyẹn tí o fi máa bá ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ilé Èjìgbò, tí àwọn tó yẹ kó wà láàárín wọn sì wà lẹ́yìn odi.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Màmá ti lé ní àádọ́rin, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ kìíní, ó bu omi sínú gàrí títà. Lọ́jọ́ kejì, ó ti adìẹ mọ́ inú àpótí aṣọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Màmá pè mí lórí fóònù ní Òṣogbo: "Ẹ bá mi wá ibi tí wọn ó gbé Faransé yín yìí sí, kó tó sọ mí di olóògbé."

Ilé-ìwé tí a kọ́kọ́ dé tóbi, wọ́n kọ Montessori gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Inú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ tónítóní, àga tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń da lẹ́tà inú ìwé kọ. Ọ̀kan ti sùn lọ sórí tábìlì. Olùkọ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó jí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́, ó sì ń kọ A rẹ̀ nìṣó. Ọ̀gá ibẹ̀ bèèrè bóyá ọmọ tiwa lè kọ 1 dé 20. Ọmọ náà wò ó lójú, ó pè é ní "Tata", bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ wọn ní Àbíjàn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ níbí, ni ọ̀gá wí. Wọ́n tún fi iye tí aṣọ oyè àti fìlà ìparí ọdún máa jẹ́ hàn mí. Aṣọ oyè fún ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sílé!

Ó wù mí kí ẹni tó ni orúkọ ara pátákó yẹn bá mi dé ibẹ̀. Dókítà ìṣègùn ni Maria Montessori. Ní oṣù kìíní ọdún 1907 ló ṣí ilé àwọn ọmọ ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù, àdúgbò tálákà. Àwọn onílé ti tún àwọn ilé ńlá ibẹ̀ ṣe, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ sí i. Bí ìyá àti bàbá bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn ọmọ á máa sáré lókè nílẹ̀, wọn á máa ba ògiri tuntun jẹ́. Edoardo Talamo tó ń bójú tó àwọn ilé náà rò ó pé yóò sàn kí òun wá yàrá kan àti ẹnìkan tí yóò máa ṣọ́ wọn ju kí òun máa kun ògiri lójoojúmọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ké sí Montessori nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni, ní Ítálì níbẹ̀, fún ògiri! Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà dé ibẹ̀, ọmọ ló ń wò, kò wo ògiri. Ó gé àga kúrú kó bá ẹsẹ̀ wọn mu, ó kó ohun tí wọ́n lè tò, tí wọ́n lè tú, tí wọ́n lè dà, síwájú wọn, ó ní kí olùkọ́ dín ọ̀rọ̀ kù kó máa ṣàkíyèsí.

A jáde níbẹ̀. Ibi tí a padà fi í sí ni ẹ̀ka àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti ọdún 2004 wà lára ohun tó jẹ́ kí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ máa wà ní ilé-ìwé ìjọba. Mi ò ní purọ́ pé ó dára ní gbogbo ọ̀nà. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òrùlé ń jò ní igun kan, ìlànà ìjọba sì ni pé kí olùtọ́jú kan mójú tó ọmọ 10 péré bí wọ́n bá jẹ́ ìkókó, kí olùkọ́ kan sì kọ́ ọmọ 25 bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀. Mo ka orí 41. Àǹtí kan ṣoṣo ni. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, bẹ́ẹ̀ méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ Àǹtí lójú.

Ṣùgbọ́n iyanrìn wà lẹ́yìn kíláàsì, àti ìdérí ìgò tí àwọn ọmọ ń tò lórí ìlà, wọ́n ń kà á, wọ́n ń jà sí i. Àǹtí ń fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì ń dúró de èsì. Ọmọ wa jókòó ti iyanrìn fún bíi wákàtí méjì. Kò sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ń pe olùkọ́ rẹ̀ ní Àǹtí, ó sì ń gbèjà ìdérí ìgò rẹ̀ ní Yorùbá.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀ pé èdè ìyá ń ṣiṣẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa ni ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́, Babs Fafunwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni títí dé ìwé kẹfà. Ní 2025, wọ́n ní kí gbogbo ilé-ìwé padà sí Gẹ̀ẹ́sì, láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Àǹtí kò gbọ́ èyí àkọ́kọ́, mi ò sì rò pé ó ti gbọ́ ìkejì.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ sílé-ìwé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955. Wọ́n ní kí ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí òdìkejì. Kò kàn án, wọ́n ní ó ṣì kéré, kó padà sílé. Bàbá kì í sọ ìtàn yìí bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù. Nítorí ilé tó padà sí kún. Ìyá ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, ọmọge tí ń pọn ọmọ ọlọ́mọ, bàbá arúgbó tí ń ta ayò lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ la ń bẹ̀ pé kó sinmi.

Èyí tó kù wá ńkọ́? Ọmọge tó ń pọnmọ ti wà ní ilé-ìwé, mo sì dúpẹ́ fún un. Àwọn ìyàwó ilé wà ní Àbíjàn. Ibi tí bàbá arúgbó ti ń tayò ti di ògiri búlọ́ọ̀kù àti géètì onírin. Lára igba ojú náà, ti Màmá ló kù. Mo wá ń rò ó pé àwọn ilé wa ti sinmi jù. Agbo ilé tó kù fún ọmọ ọdún mẹ́ta ni kíláàsì Àǹtí yẹn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó èyí tí mo ń ná sórí epo mọ́tò, òun la sì tún ń sọ fún pé kó sọ agbo ilé di gbọ̀ngàn ìdánwò.

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí Èjìgbò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Gàrí wà nínú ọpọ́n, kò sí omi níbẹ̀, adìẹ ń jẹ̀ káàkiri. Màmá kò sí. Aládùúgbò ní kí n lọ wò wọ́n lọ́nà ilé-ìwé. Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ọgbà, àwọn àti àtẹ ẹ̀pà sísè. Aago mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, aago méjì ni àwọn ọmọ ń jáde.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní orúnkún ńkọ́, ẹ rin gbogbo ọ̀nà yìí?

"Ọjà ni mo wá tà," ni Màmá wí. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí títì, wọ́n sì dojú kọ ilẹ̀kùn kíláàsì.