Ọjà Balógun: Iná Kì í Jó Gbèsè

Púpọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò ju kí a mọ ìgbà tí a ó sá aṣọ àti ìgbà tí a ó kó o wọlé lọ, àti pé ìròyìn ìlú jẹ́ ti àwọn ọkọ wa tí ń jókòó ti rédíò ní ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ti wà lára àwọn tí ń rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí òjò ká mi mọ́ Ọjà Balógun ní Èkó, tí ìyá aláṣọ kan sì là mí lójú.

Oṣù keje ọdún 2024 ni. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ẹbí sì ti fi ẹnu kò sí lésì fún aṣọ ẹbí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tu owó rẹ̀ jọ. Mo gbéra ní Ìbàdàn ní ìdájí, mo wọ dáńfó ní Òyìngbò, a gba Ìddó kọjá, a sì gun Afárá Carter lọ sí Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ parí afárá síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń sọdá tẹ́lẹ̀. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà ni mo rí i tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀sà.

Ẹni tí kò bá tí ì dé Balógun rí lè máa wá ọgbà tí a mọ odi yí ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òpópónà ni ọjà, ọjà náà ni òpópónà. Ó ti ojú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi fara kan Ìdúmọ̀tà, kò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà. Àwọn ilé alájà púpọ̀ dúró ní ìhà méjèèjì, ọjà kún inú wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Níwájú wọn ni àwọn tí ń pàtẹ sórí tábìlì wà; níwájú àwọn yẹn ẹ̀wẹ̀ ni àwọn tí ń fi ọwọ́ gbé ọjà tiwọn kiri. Àǹkárá, lésì, gèlè, bàtà, àpò, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ ọmọdé, kò sí èyí tí ojú kò ní rí. Àwọn alábàárù ń ké pé, "Ẹ yàgò o! Ẹrù ń bọ̀!" Ẹni tí kò bá sì tètè yà, ẹrù ni yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

N kò tí ì rìn jìnnà tí òjò fi dé. Kí ó tó rinlẹ̀, àwọn obìnrin náà ti na ọ̀rá bo àtẹ, wọ́n sì ti gbé àwọn ìdì aṣọ kúrò nílẹ̀ sórí àpótí. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó kò ga: omi yí i ká, bí gọ́tà bá sì ti dí fún ọ̀rá àti pàǹtí, omi kò rí ibi gbà mọ́. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ni àkọ́rọ̀ òjò máa ń rọ̀, oṣù kẹfà ni ó sì máa ń le jù. Yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí arọ̀kúrò tó dé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àwọn obìnrin Balógun mọ ìṣirò yìí bí wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ wọn.

Ìyá kan tí irun rẹ̀ ti funfun pè mí láti inú ìsọ̀ rẹ̀: "Ìyàwó, wọlé, má jẹ́ kí òjò pa ọ́." Mo kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ kú ọjà, Mà. Ajé á wọgbá." Oníbàárà kì í pọ̀ lọ́jọ́ òjò, nítorí náà ó ráyè fún mi. Mo nawọ́ sí lésì kan. Nígbà tí ó dárúkọ iye rẹ̀, ẹnu mi là, n kò lè pa á dé.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé èmi ni mo hun ún ni? Òkè òkun ni ó ti wá, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi rà á." Òtítọ́ ni. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn ará Lustenau ní ilẹ̀ Austria ti ń ṣe lésì tí a ń lò ní ayẹyẹ wa, Ṣáínà sì ni púpọ̀ nínú àǹkárá òde òní ti ń wá. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦470 lọ ní báńkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà pẹtiróòlù sì fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìròyìn tí mo ti gbọ́ lórí rédíò, tí mo sì pa á tì, òun ni ó jókòó sínú lésì yìí.

Mo ka owó mi, kò tó. Owó iléèwé àwọn ọmọ mi sì wà ní báńkì, n kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ni mo bá bẹ Màmá pé kí ó fún mi ní àwìn ìdajì, kí n san án bí mo bá gba owó oṣù. Kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fa àpótí kan sún mọ́ mi, ó ní, "Jókòó."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti iná. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta ni iná jó ní Balógun: ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àti ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2020. Ti àkọ́kọ́ ni ó mú ìsọ̀ rẹ̀. Ọdún Kérésìmesì ti ń sún mọ́lé, ó sì ti kó ọjà kún ìsọ̀, àwìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní ìwé adójútòfò kankan.

"Iná jó lésì, ó jó àǹkárá, ó jó ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ mí sí. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tí èmi jẹ wà nílé wọn, kò jó. Iná kì í jó gbèsè, ìyàwó."

Kí ó tó gbérí, kòrónà dé. Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba ní kí ará Èkó jókòó sílé. Àwọn obìnrin méjìlá tí wọ́n jọ ń dá èsúsú ni wọ́n gbé e dìde: wọ́n yọ̀ǹda kí òun kọ́kọ́ kó o. Ọdún mẹ́ta ni ó fi san gbèsè náà tán. Láti ìgbà yẹn, kì í jáde kí ó má gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí owó tuntun ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù gba owó, ọjà rẹ̀ kò sì dúró.

Èyí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn obìnrin Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá kọjá pọ́ọ̀nù 50. Alimọtu Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ní ọjà Èrékò tí kò mọ̀wé, ni ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi gbé e dé pọ́ọ̀nù 200. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tún bá wọn jà lórí iye tí wọ́n fẹ́ kí a máa ta gaàrí. Ó kú ní ọdún 1951. Obìnrin tí kò ka ìwé mọ ohun tí ìjọba ń ṣe. Kí ni àwáwí àwa tí a kàwé?

Òjò dá. Mo ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà, mo san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, mo ṣàlàyé. Inú rẹ̀ kò dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi nìkan ni mo wọ àǹkárá láàárín àwọn onílésì, àwọn kan sì wò mí láwòtúnwò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ mi wọ kíláàsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ẹ bá ń lọ sí Balógun, ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ mú agbòjò dání. Ẹ béèrè iye aṣọ kí ẹ tó fi ẹnu kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà nílé. Ẹ sì ronú sí ọ̀rọ̀ adójútòfò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gbọ́ ìròyìn kí ẹ tó tú ìdí owó yín. Bí òjò bá tún ká mi mọ́ Balógun, mo mọ ìsọ̀ tí mo máa yà sí.