Kòkòrò tí A Kò Dá Ifá fún

Nínú ìwé ìtàn aláwòrán Captain Marvel Adventures ti Amẹ́ríkà, ní 1943, ohùn nìkan ni a kọ́kọ́ fi mọ Mister Mind, olórí ẹgbẹ́ ìkà. Ta ni kò ní rò pé òmìrán ni? Àṣé kòkòrò kékeré ni, tó lo awò ojú, tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ ọrùn! Ní 1945, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì fi iná mànàmáná pa á.

Ọmọ mi bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹranko inú ẹsẹ Ifá ṣe rí. Ìbéèrè náà ká mi lára, nítorí àwọn kan ti ń pe ẹsẹ Ifá ní àlọ́ lásán. Mo ní rárá. Tiwa a máa tọ babaláwo lọ. Wọ́n á ní kó rúbọ. Ó lè rú u, ó sì lè kọ etí ikún sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ ti ń yà. Kò sí ẹni tó fi ẹbọ lọ kòkòrò yẹn.