Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò: Ohun Tí Ìsàlẹ̀ Èkó Kọ́ Mi



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ ilé tí mò ń gbé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Láti ibẹ̀, mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Mọ́sálásí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Mohammed Shitta ló náwó sí i. João Baptista da Costa, ọmọlé Àgùdà, ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i? Owó Mùsùlùmí, ọwọ́ Àgùdà. Ó ti pẹ́ tí èèyàn kì í ti í dá gbé ní àdúgbò wa.

Ọjà àti ariwo ọkọ̀ ló kún títì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti yà wọ inú àdúgbò, bí abúlé ló rí. Wọ́n mọ ọmọ ẹni, wọ́n mọ ọbẹ̀ tí a sè. Onípákó ni àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á mọ̀ bóyá èmi ni mò ń sọ̀kalẹ̀ tàbí ìyàwó mi. Èyí máa ń sú mi. Àwọn kan tí a jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kó lọ síbi tí géètì wà, tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ń tu owó jọ láti kó.

Alhaja kan ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Àkàrà ló ń dín níwájú ilé. Kí a tó ti ìrun Àsùbáà dé, iná rẹ̀ á ti máa jó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ sí ilé kéú, mo rí i pé agbada rẹ̀ ṣì dojú dé. Ó ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́, mo bá kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: hadiisi tí mo lọ kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà ni èyí tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a) fi pa Abu Dharr láṣẹ pé tó bá ń se ọbẹ̀, kó bu omi kún un, kó lè kan aládùúgbò.

Àwọn ọmọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sí oríta wa, tí mo máa ń wò bí aláìníláárí. Àwọn ló wá ra àkàrà tí wọn ò rí èéfín. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, wọ́n jálẹ̀kùn wọlé. Ilẹ̀ ni wọ́n bá Alhaja. Àtọ̀gbẹ ló dá a wó. Ọkọ̀ kò lè wọ inú àdúgbò, ni wọ́n bá pọ̀n ọ́n dé títì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Allāhu dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Nígbà tí mo lọ wò ó, ó ní, "Àáfà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn. Mo pè yín, ohùn mi ni kò jáde."

Kò fi bínú sọ ọ́ rárá. Èmi ni n kò lè gbójú sókè.

Nínú Sūratun-Nisāi, āyà 36, lẹ́yìn tí Allāhu pàṣẹ pé kí a sin Òun nìkan, kí a sì ṣe dáadáa sí òbí, Ó ka aládùúgbò tó súnmọ́ni àti èyí tó jìnnà mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí. Mo ti há āyà yìí láti kékeré. Bóyá ni àwọn ọmọ oríta há a, ṣùgbọ́n àwọn ló fi ṣiṣẹ́ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò àtijọ́, ojú tó ń ṣọ́ yín yẹn, àánú Allāhu lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ síbi tó tòrò, ẹ bi ara yín: tí aládùúgbò yín kò bá jáde lónìí, ta ni yóò mọ̀? Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ máa kí i. Tí ara bá fu yín, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó kọjá.

N kò tíì kó. Tí mo bá sì kó lọ́la, géètì kò lè bọ́ ẹ̀tọ́ yìí kúrò lọ́rùn mi. Ní báyìí, n kì í lọ sí ilé kéú láìkọ́kọ́ kí Alhaja.

Kí Allāhu foríjìn wá, kí Ó ṣe wá ní aládùúgbò rere. Āmīn.