Ọ̀dà Àtijọ́ Nínú Ihò Àpáta Niaux

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní ẹ̀bá àwọn òkè Pyrenees, ẹ yà sí ihò àpáta Niaux. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ sì mú aṣọ òtútù dání. Àtùpà ọwọ́ ni wọn yóò fún yín, ẹ ó sì rìn jìnnà nínú òkùnkùn kí ẹ tó dé Salon Noir, èyíinì ni Gbọ̀ngàn Dúdú. Níbẹ̀ ni ẹṣin, ewúrẹ́ orí òkè, àti ẹfọ̀n onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní bison wà lára ògiri, bí ẹni pé àná ni wọ́n yà wọ́n.

Ẹni tí ó yà wọ́n kò kọ ọdún sí i. Inú ọ̀dà ni wọ́n ti wá ìdáhùn. Ní ọdún 1990, Jean Clottes, Michel Menu àti Philippe Walter gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde: wọ́n ha ẹ̀rún ọ̀dà bíńtín, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti lọ òkúta mìíràn mọ́ ọn, títí kan tálíkì tí a fi ń ṣe páúdà ara. Bí a ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò tí a sì ń mọ ọwọ́ ẹni tí ó sè é, bẹ́ẹ̀ ni àpòpọ̀ yìí rí.

Ṣùgbọ́n dúdú ju dúdú lọ. Òkúta manganese kò fìgbà kan wà láàyè, kò sì lè sọ ọjọ́ orí. Igi ni èédú. Nígbà tí igi bá kú, irú kábọ̀n kan nínú rẹ̀ a máa dín kù. Lẹ́yìn nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Ó dára tí ó fi jẹ́ pé èédú ni àwọn ayàwòrán náà kọ́kọ́ fi fa ìlà púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà, kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e. (Ọdún tí igi kú ni èédú ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á.)

Ní ọdún 1992, èsì jáde. Ẹfọ̀n méjì nínú gbọ̀ngàn kan náà, bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó wà láàárín wọn! Àwọn méjèèjì sì ti lé ní 15,000 ọdún. Àwọn kan ti padà wá síbi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì yà tiwọn sí i.

Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, nítorí pé ìka kan ṣoṣo lè nu èédú náà kúrò. Ẹ tètè béèrè àyè kí ẹ tó lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń gbà wọlé.