Gígun Ọ̀pẹ àti Gígun Ìgbì: Láti Ìṣẹ̀rí-Olófin dé Tarkwa Bay

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá dé Ìṣẹ̀rí-Olófin ní Alímọ̀ṣọ́, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ojú yín yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò jẹ́ kí ìtàn Ògúnfúnminíre parẹ́: ọdẹ tí ó ti Ifẹ̀ wá, tí ó ń tẹ̀ lé àwo tí ń léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì. "Àwo ti rì" ni wọ́n ní ó bí orúkọ Àwórì. Ìlú tí omi fúnra rẹ̀ yan ààyè fún nìyẹn.

Ọ̀pẹ díẹ̀ ṣì kù lẹ́bàá àbàtà níbẹ̀, ẹ ó sì rí ẹni tí ń gùn ún. Ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa. Igbà ni ó fi yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ ká. Yóò fi ẹ̀yìn ti igbà, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, yóò ju igbà sókè díẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò sì gbé èkejì. Èmi tí mo ń kọ́ni nípa aṣọ àti òwú kò lè ṣe kí n má wo okùn náà, bí a ti lọ́ fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ àti ibi tí ó ti ń gbó. Adẹ́mu tí mo rí fi gbogbo agbára fa tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ti bẹ̀rù tán.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa ń lò fún iṣẹ́ méjì tí ó jìnnà síra. A ń gun ọ̀pẹ, a sì ń gun ẹṣin. Ọ̀pẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ń rìn. Ẹṣin ń sáré, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ẹ̀rù ibi gíga àti ẹ̀rù òkun wà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ń gun ìgbì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Erékùṣù Victoria lọ sí Tarkwa Bay, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a dojú bolẹ̀ lórí pákó pẹlẹbẹ, wọn a máa fi ọwọ́ wa omi, bí ìgbì bá sì dé ẹ̀yìn wọn, wọn a fò dìde. Kò sí àyè àtifa okùn wò. Ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀, ìgbì ti kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá yá jù, ìgbì á dà á sábẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, Alex Honnold, ará Amẹ́ríkà, gun àpáta El Capitan ní California, tí ó ga ju mítà 900 lọ, láìso okùn kankan mọ́ra. Ó kù ìṣẹ́jú 4 kí ó pé wákàtí 4 tí ó fi dé òkè. Ṣùgbọ́n ó ti fi okùn gùn ún láìmọye ìgbà ṣáájú, àti pé ní ọdún 2016 ó gbéra, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àpáta gbà fún un láti padà.

Òkun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, ìgbì da Maya Gabeira, obìnrin ará Brazil, nù ní Nazaré ní Pọtogí. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó dákú sínú omi, wọ́n sì jí i ní etí òkun. Ní oṣù kejì ọdún 2020, níbẹ̀ náà, ó gun ìgbì tí ó ga ní mítà 22.4. Àwọn tí ń ṣe irú eré yìí a máa kọ́ bí a ti ń séèémí fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n lè farabalẹ̀ lábẹ́ omi, nítorí ẹni tí ó bá ń jà ni èémí rẹ̀ ń tètè tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rọbí rí mọ èyí ju ọkọ yín lọ. Kò sí ẹni tí í dé àárín ìrọbí kí ó ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Títọ́ ọmọ ni ó jọ ọ̀pẹ: ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, kí a sì máa wo igbà.

Ti àwọn ìyá Tarkwa Bay tún yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò náà kúrò nínú ilé wọn. Wọ́n ní nítorí àwọn tí ń bẹ́ páìpù epo ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òkun kò bà lẹ́rù di aláìnílé. Mi ò mọ irú ìdánrawò tí ìyá kan ìbá ti ṣe sílẹ̀ de ìyẹn.

Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ gígun ìgbì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pariwo. Ẹ bi í bóyá ó lè léfòó, bóyá ó lè séèémí láìjà, àti ta ni yóò dúró ní etí omi tí yóò máa wò ó. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá a lọ, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì bi awakọ̀ léèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò padà kí ẹ tó sanwó.